Ìloro Là Ń Wọ̀ Kí A Tó Wọlé: Ọ̀ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Ilé Nínú Ìtàn Yorùbá



Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú òyìnbó fún ọdún kan péré yóò mọ ohun tí a ń wí bí a bá ní ẹnu ọ̀nà ilé ibí yìí jọra wọn bí ìbejì. Ogún ilé ni yóò tò ní ìlà kan, ogún ilẹ̀kùn, nọ́ńbà nìkan ni àlejò sì fi ń mọ èyí tí ó ń wá. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀ràn náà tún le sí i: ọ̀nà gbọọrọ kan láàárín, ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì, ògiri funfun báláú tí kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú wa ti ń wí pé bí ó ti yẹ kí ilé rí nìyẹn, pé ọ̀ṣọ́ ara ilẹ̀kùn kò ju àṣehàn àwọn ọba ayé àtijọ́ lọ, ọ̀làjú sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn gbà pé ilé amọ̀ ni àwọn baba wa ń gbé, pé kí ni amọ̀ fẹ́ fi ọ̀ṣọ́ ṣe?

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á lo ààyè tiwa nínú ìwé yìí láti tọ ipasẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé Yorùbá láti Ifẹ̀ títí dé Èkó. Ohun tí ìtàn náà fi hàn wá ni pé ẹnu ọ̀nà ni ibi tí onílé ti ń sọ ẹni tí òun í ṣe fún aráyé. Ní ìgbà kan, ọba àti ìjòyè nìkan ni ó ní àṣẹ láti sọ ọ́ tó bí ó ti wù wọ́n. Nígbà tí ó yá, àṣẹ náà di ti gbogbo ènìyàn. Ní ìgbà tiwa yìí ni a wá ń fi ọwọ́ ara wa pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

BÍ AGBO ILÉ TI RÍ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí agbo ilé ti rí. Ògiri amọ̀ ni ó yí i ká, ojú ògiri tí ó kọjú síta kì í sì í ní fèrèsé. Ẹni tí ó bá dúró ní títì kò rí ju ògiri àti òrùlé tí a fi koríko tàbí ewé bò lọ. Àgbàlá ni gbogbo yàrá kọjú sí. Ní àyíká àgbàlá náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí baálé sì ti ń gba àlejò. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo ni tẹrú tọmọ ń gbà wọlé. Bí onílé bá wá ní ohun kan láti fi han ará ìta, níbo ni ìbá ti fi í hàn bí kò ṣe ní ẹnu ọ̀nà yẹn? Nígbà tí àwọn àgbà wí pé ìloro là ń wọ̀ kí a tó wọlé, wọn kò wulẹ̀ ń pa òwe. Bí ilé wọn ti rí gan-an ni wọ́n ń sọ.

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ni ó ní ère. Ilẹ̀kùn mẹ̀kúnnù lè jẹ́ pákó lásán. Síbẹ̀ ojú ilé rẹ̀ kì í wà ní gbẹrẹfu. Àwọn obìnrin ilé a fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri títí yóò fi máa dán. Ẹni tí ń bọ Ògún a so màrìwò kọ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà ojúbọ, kí ẹni tí ń bọ̀ lè mọ ilé ẹni tí òun fẹ́ wọ̀. Ní ojúbọ àwọn òrìṣà mìíràn, àwọn obìnrin ni ó ń fi ẹfun, osùn àti àwọ̀ dúdú kun ara ògiri, tí wọn yóò tún un kùn bí ọdún òrìṣà bá ti ń kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kì í pẹ́ kí òjò tó fọ̀ ọ́, nítorí náà kò sí púpọ̀ nínú rẹ̀ tí ó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni ọ̀ṣọ́ ilé láàárín wa.

ÀPÁÀDÌ ILÉ-IFẸ̀

Ọ̀ṣọ́ tí ó pẹ́ jù lọ tí a lè fi ojú rí títí di òní wà ní ilẹ̀, kò sí ní ara ògiri. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ará àtijọ́ a máa to àpáàdì ìkòkò sí ilẹ̀ àgbàlá, ọ̀nà àti ibi ìrúbọ. Wọn kì í tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni tẹ́ ẹní. Wọn a gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́, wọn a tò ó ní ìlà ìlà kí ìlà kan lè dagun sí ọ̀tún kí èkejì sì dagun sí òsì, bí egungun ẹja ti rí. Ní ibòmíràn wọ́n a fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí àárín rẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè ní àwọ̀ méjì. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í di ẹrẹ̀ ní ìgbà òjò, ó sì ń wu ojú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ni ó pàṣẹ kí wọ́n máa ṣe é, nítorí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà ti bá ilẹ̀ alápàáàdì pàdé lábẹ́ erùpẹ̀. Frank Willett walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní òpin àwọn ọdún 1950. Peter Garlake walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún méje sẹ́yìn, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọwọ́ fi tó àwọn ilẹ̀ náà. Ẹ wò ó: ìkòkò tí ó ti fọ́, tí ẹlòmíràn ìbá kó dà sí ààtàn, ni wọ́n fi ṣe ẹwà tí ó pẹ́ ju àwọn ọba tí ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní amọ̀ kò ní ọ̀ṣọ́, kí ó lọ sí Ifẹ̀ kí ó wo ilẹ̀.

ILẸ̀KÙN ÀTI KỌ̀BÌ NÍ Ọ̀YỌ́ ILÉ

Nígbà tí a bá kúrò ní Ifẹ̀ tí a dé Ọ̀yọ́, igi ni ó kù tí yóò sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga. Ó lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan níbẹ̀ lọ́dọ̀ Aláàfin, ó sì ń kọ ohun tí ó ń rí sílẹ̀. Clapperton kú ní Sókótó ní 1827, ṣùgbọ́n a tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1829. Nínú rẹ̀ ni ó ti wí pé àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn láti máa gbẹ́ ọnà sí ara ilẹ̀kùn wọn àti sí ara òpó tí ó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró. Ó sọ ohun tí ó rí lára igi náà pẹ̀lú: òjòlá tí ó gbé ẹran igbó sẹ́nu, àwọn ọkùnrin tí ń mú ènìyàn lẹ́rú, àti ẹni orí ẹṣin tí ń fa ẹrú lọ.

Ọnà ara ilẹ̀kùn nígbà náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé kọ̀bì fún wa. Kọ̀bì ni ìloro tí ó yọ síta lára ilé, tí òrùlé rẹ̀ ga ju ti ìyókù lọ. Àmì ilé ọba àti ti ìjòyè ńlá ni. Mẹ̀kúnnù kì í kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tí a gbẹ́ ère sí àti òpó tí a gbẹ́ ní àwòrán ènìyàn: ààfin, ilé ìjòyè àti ilé òrìṣà ni ibùjókòó wọn. Nípa báyìí, bí àlejò bá dé ìlú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ibi tí agbára wà. Ojú ilé ti sọ ọ́.

Kí á sì má gbàgbé ohun tí agbára náà fi ń yangàn. Ẹrú tí a so lọ́wọ́ wà lára ilẹ̀kùn nítorí pé ogun àti òwò ẹrú ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé ńlá di ńlá. Kí ọdún 1840 tó pé, Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, ìgbẹ́ ti bò ó, àwọn ilẹ̀kùn tí Clapperton rí sì ti bá a lọ. Àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ àwọn ẹrú ara ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọkọ̀ ojú omi ti kó lọ sí Bràsíìlì àti Kúbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. A ó padà bá a ní Èkó.

ILẸ̀KÙN ÌKẸ́RẸ́ TÍ Ó DÉ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ní ilẹ̀ Èkìtì, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kò parẹ́ bí ti Ọ̀yọ́ Ilé. Níbẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ti jáde, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1873, tí ó lọ sin Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, tí ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọba ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ pè é kí ó wá ṣe ààfin wọn lọ́ṣọ̀ọ́.

Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó ṣe iṣẹ́ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbẹ́ àtẹ́rígbà tí ó wà lókè ilẹ̀kùn náà. Lára ilẹ̀kùn yìí ni ó gbẹ́ ìtàn ohun tí ojú ìlú rí sí: bí Ambrose, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ìjọba rán sí Èkìtì ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti wá kí Ògògà. Ní apá kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó ń bọ̀, ènìyàn ni ó gbé e lé èjìká bọ̀, àwọn aláàárù sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ère Ọlọ́wẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ igi bí ti àwọn ẹlòmíràn. Ó gbẹ́ wọn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn ènìyàn náà fi yọ síta, tí wọ́n ń yíjú wo ẹni tí ń wò wọ́n. Ẹni tí ó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà náà yóò rí i kedere pé ọba ìlú jókòó, àlejò ni ó ń tọ̀ ọ́ wá.

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá ní Wembley láti fi àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn hàn. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wá síbẹ̀. Àwọn alákòóso British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, ó ní kì í ṣe títà. Nígbẹ̀yìn, ó gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún àga ọba tí wọ́n ṣe fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe di ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní.

Àwọn kan nínú wa yóò ní kò sí ẹ̀jọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹnikẹ́ni kò jí ilẹ̀kùn náà gbé bí wọ́n ti kó ti Benin ní 1897. Òtítọ́ ni. Ògògà mọ iyì ohun tí ó ní, ó sì fúnra rẹ̀ sọ iye tí yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ro ó dáadáa. Àga wà fún ọba láti jókòó lé. Ilẹ̀kùn ni ó ń sọ ìtàn fún gbogbo ọmọ tí a bí ní ìlú náà, ìbá à jẹ́ ọmọ ọba tàbí ọmọ àgbẹ̀, tí kò nílò láti mọ̀wé kí ó tó kà á. Láti ọdún 1924, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ ka ojú ìwé ìtàn yẹn gan-an ní láti gba físà.

Ilẹ̀kùn yìí nìkan sì kọ́ ni ó rìnrìn àjò. Òpó Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́, níbi tí olorì ti dúró lẹ́yìn ọba tí ó sì ga jù ú lọ, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Chicago láti ọdún 1984. Òpó rẹ̀ mìíràn tí ó ní jagunjagun orí ẹṣin wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ lè lọ kí wọn ní ọjọ́ ìsinmi. Ó dùn mọ́ wa pé orúkọ oníṣẹ́ náà kò sọnù. Ní 1988, ó lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀ tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, olùwádìí kan láti Amẹ́ríkà sì gbà á sílẹ̀. Oríkì ni ó pa orúkọ mọ́ nígbà tí ìwé kò sí.

ÀWỌN ÀGÙDÀ PADÀ WÁLÉ

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sọ́dọ̀ àwọn tí a kó lẹ́rú. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá dìde ogun sí àwọn olówó ẹrú ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Wọn kò borí, ìjọba ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti ra ara wọn padà kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà títí dé ìparí ọ̀rúndún yẹn, àwọn tí ó ti gba òmìnira ń padà bọ̀ láti Bràsíìlì àti Kúbà. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀ sí Àgbádárìgì, àwọn kan sí Àjàṣẹ́ àti Wídà ní ilẹ̀ Benin òde òní, púpọ̀ sì dúró ní Èkó. Àwa ni a ń pè wọ́n ní Àgùdà.

Wọ́n bá iṣẹ́ ọwọ́ padà wálé. Bíríkìlà wà nínú wọn, káfíńtà wà nínú wọn, alágbẹ̀dẹ wà nínú wọn. Ní Pópó Àgùdà ní Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí nílẹ̀ yìí. Ilé tiwọn kò yí ẹ̀yìn sí títì bí agbo ilé. Títì gan-an ni ó kọjú sí. Ó ní fèrèsé níwájú, ó ní òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní òdòdó àti ìlà tí wọ́n mọ sí ara ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà aláwọ̀ kùn ún. Bí o bá wọlé, ọ̀nà kan gba àárín já, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ọnà tí ó ti ń bẹ nínú àgbàlá láti ọjọ́ pípẹ́ wá jáde síta, ó dúró ní ojú títì.

Ta ni ó sì kọ́ ilé wọ̀nyí? João Esan da Rocha jẹ́ ọmọ Ìlẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní kékeré. Ó padà dé Èkó, ó di olówó, ó sì kọ́ ilé ńlá sí òpópó Kakawa, èyí tí a ń pè ní Ilé Omi nítorí kànga tí ó gbẹ́ síbẹ̀ tí ó sì ń ta omi rẹ̀. Mohammed Shitta Bey jẹ́ ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i. Òun ni ó náwó mọ́sálásí tí a ṣí ní Èkó ní 1894, João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà láàárín àwọn Àgùdà, ni ó sì kọ́ ọ. Kírísítẹ́nì bíríkìlà ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lọ́ṣọ̀ọ́, kò sì sí ẹni tí ó bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Àjàṣẹ́, níbi tí mọ́sálásí ńlá ìlú ti jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia bí ìmumu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti yí po. Ní 1826, ẹrú ni àwọn wọ̀nyí jẹ́ lára ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn náà ti ní ilẹ̀kùn tiwọn, wọ́n sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ọba kankan. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀ṣọ́ ara ilé Àgùdà jẹ́ àfarawé òyìnbó lásán kò tíì rò ó dénú. Ènìyàn tí a ti tà bí ẹran ni ó dúró sí ojú títì tí ó ń wí pé, "Èmi rèé, mo ti padà dé, ilé mi sì nìyí."

OWÓ KÒKÓ

Àṣà yìí kò dúró ní Èkó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn Àgùdà gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ, nígbà tí kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wọlé, àgbẹ̀ àti oníṣòwò rí ohun tí wọn yóò fi kọ́ ilé. Láàárín ọdún 1920 sí 1960, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onísìmẹ́ǹtì hù ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìbàdàn, ní Ìlẹ̀ṣà àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ àwọn ilé wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni a ti ń lọ kí bàbá àgbà ní ìgbà ọdún. Kìnnìún sìmẹ́ǹtì méjì ń ṣọ́ àtẹ̀gùn, òdòdó sìmẹ́ǹtì yí ẹnu ọ̀nà ká, orúkọ onílé àti ọdún tí a kọ́ ilé sì wà lókè téńté. Ohun tí ó jẹ́ ti ọba nìkan láyé kọ̀bì ti di ti ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a.

Iṣẹ́ igi náà kò kú pátápátá. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Níbẹ̀ ni Bándélé, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà àtàtà kan láti Òsì, ti kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́. Lamidi, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí a bí ní 1928 tí ó sì kú ní 2009, jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ kò rí i pé àtìgbà àwọn Àgùdà títí di ìgbà Lamidi, ẹnu ọ̀nà ni ibi tí ẹ̀sìn kì í ti í dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa?

ÌGBÀ TIWA

Báwo wá ni nǹkan ti rí lónìí? Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, bí owó bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ń ṣe ni pé kí ó wó ojú ilé bàbá rẹ̀. A ó yọ ilẹ̀kùn igi, a ó fi ilẹ̀kùn irin tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Ṣáínà rọ́pò rẹ̀. A ó fọ́ kìnnìún, a ó mọ ògiri gíga, a ó fi géètì sí i. Olè ni ó fa géètì, a kò lè bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n géètì tí ó wà ní Àkúrẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní Ṣàgámù, kò sì sí èyí tí ó sọ ọmọ ẹni tí ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀.

Kì í ṣe ilé àdáni nìkan ni ó ń lọ. Ní Èkó, lẹ́bàá gbàgede Tinúbú, ilé kan wà tí ìdílé Fernandez láàárín àwọn Àgùdà kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, a sì wá ń pè é ní Ilọ́jọ̀ Bar. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n fi katakata wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi dáàbò bò ó, ọjọ́ kan kò tó pẹ́ láti sọ ọ́ di òkìtì. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé òfin nìkan kò lè ṣọ́ ilé tí àwọn tí ó yí i ká kò mọ ìtàn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. A kò lòdì sí òwe yìí. Ilé a máa gbó, amọ̀ a máa wó, igi a máa jẹra. Àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Àgùdà kọ̀yìn sí agbo ilé, àtúnṣe ni ó ṣe, ó sì bù ẹwà sí i. Ohun tí ó ń dùn wá ni àtúnṣe tí ó mú ọ̀rọ̀ kúrò tí kò sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí ni àwa tí a wà lókè òkun lè ṣe sí i? Ohun mẹ́ta ni a mú wá síwájú ẹgbẹ́.

Èkíní, ẹni tí ó bá ń lọ sílé ní ìsinmi yìí, kí ó ya àwòrán ojú ilé bàbá bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa ti tó fún iṣẹ́ náà. Kí ó ya ilẹ̀kùn, òpó, àtẹ̀gùn, àti orúkọ tí ó wà lókè. Kí ó bi àwọn àgbà ilé léèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, ọdún tí a kọ́ ọ, àti ìdí tí wọ́n fi yan kìnnìún dípò ẹyẹ. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́.

Èkejì, bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa bá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ tún ilé ṣe, tí ó sì ń retí owó lọ́wọ́ wa, kí á fi ọ̀rọ̀ sí owó náà. Kí á bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ojú ilé sílẹ̀, kí ó tún ẹ̀yìn kọ́. Bí oníṣòwò kan bá dé tí ó ní òun fẹ́ ra ilẹ̀kùn àtijọ́, kí wọ́n rántí Ògògà, ẹni tí ó kọ́kọ́ wí pé kì í ṣe títà.

Ẹ̀kẹta kéré, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ó wà. Ìloro yàrá tí a háyà yìí náà jẹ́ ìloro. Onílé lè má jẹ́ kí á kan ìṣó mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò ní kí á má so àdìrẹ ìyá wa kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tàbí kí á má gbé igbá fínfín kan sórí tábìlì kékeré tí ó wà ní àbáwọlé, tàbí kí á má fi àwòrán ojú ilé wa ní Ìlẹ̀ṣà tàbí Ìkẹ́rẹ́ síbi tí àlejò yóò kọ́kọ́ rí. Bí ó bá béèrè pé kí ni èyí, a ó ní ìtàn láti sọ fún un. Ó sàn ju kí nọ́ńbà nìkan máa sọ̀rọ̀ fún wa lọ.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ni yóò bí àwọn ọmọ tí a ó sọ lórúkọ lọ́la, púpọ̀ nínú wọn ni a ó sì bí sí ìlú tí kò mọ baba wọn. Bí a bá jẹ́ kí ojú ilé wó tán, kí ni a ó wò?

Ire o.